Ẹ Lọ, Àmọ́ Ẹ Jáde Síta Géètì

Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì. Àbẹ̀kẹ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Bàbá Ìbejì, fa àga rẹ sún mọ́ fáànù, ká jẹ ìgbádùn iná yìí kí wọ́n tó mú un. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣeré wọn lọ́hùn-ún, iyanrìn Ekosodin kò pa ọmọ kankan rí.

Ṣé orí WhatsApp ló yẹ kí èmi ti gbọ́ pé ẹ fẹ́ lọ gbafẹ́ létí òkun? Àpótí tuntun méjì, fìlà koríko méjì, ẹ tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ gbé e síta fún gbogbo ayé. Ìyá tó ń ta ẹyin síse lẹ́nu ọ̀nà ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Màmá, ẹ kú oríire o, wọ́n ní àwọn ọmọ yín ń rìnrìn-àjò." Mo ní èwo nínú wọn? Ó ní èyí tó bí ìbejì. Ni mo bá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, èmi tí mo nu ìdí rẹ! Bí mo bá ń bínú ni, ẹ kò ní bá ọbẹ̀ lórí tábìlì yìí. Ẹ máa jẹun, kí ẹ sì máa gbọ́.

Ìsinmi kọ́ ni mo ń bá wí. Bàbá Ìbejì, ojú rẹ ti wọnú. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin kó tó lè ré Afárá Third Mainland kọjá, tí ilẹ̀ á tún ti ṣú kó tó délé, ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí ibi sùn àsùnwọra fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwọ náà, Àbẹ̀kẹ́, láti ọjọ́ tí o ti bí àwọn ọmọ yìí, mi ò tíì rí i kí o jókòó jẹun tán láìdìde. Tọkọtaya tí wọn kì í rí ara wọn àfi lóru, tí ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ lẹ́nu wọn kò ju owó ilé ìwé àti epo jẹnẹrétọ̀ lọ, wọ́n ti di ayálégbé inú ilé kan náà nìyẹn. Ẹ lọ. Ẹ lọ sinmi. Irú ibi tí ẹ fẹ́ lọ jókòó sí, àti bí ẹ ṣe fẹ́ jókòó síbẹ̀, ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí.

Má wojú ọkọ rẹ, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. O fẹ́ sọ pé kí ni Àǹtí mọ̀ nípa bíìṣì. Ṣé o rántí pé Èkó ni mo ti ṣe ìyàwó? Kí Yunifásítì Ìbíní tó gba ọkọ mi síṣẹ́ níbí, Bar Beach ní Victoria Island la máa ń lọ ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. A ó se ìrẹsì láti ilé, a ó gbé e sínú kúlà, a ó tẹ́ ẹní sórí iyanrìn. Àwọn aládùúrà á wà lápá kan pẹ̀lú aṣọ funfun àti agogo wọn, àwọn ẹlẹ́ṣin á máa gbé ọmọdé gẹṣin kiri lápá kejì. Ibẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní 1971, tí èrò tú jáde lọ wòran. Bí ọdún bá sì ti dé, a ó tún tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ẹ̀dá èèyàn! Lónìí, ẹ lọ wá Bar Beach yẹn kí ẹ wá fi hàn mí. Wọ́n ti da iyanrìn dí omi ibẹ̀, Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ báyìí, ìwọ̀nba olówó ló sì lè gbé ibi tí àwa ti jẹ ìrẹsì inú kúlà.

Ìbíní tí a wà yìí, kò ní etí òkun rárá. Ìyẹn máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu nígbà tí mo ṣì ń kọ́ wọn ní Jọ́gíráfì. Lórí máàpù, gbogbo apá òkun tó ti ìhà ìlà oòrùn Ghana wá dé ẹnu Odò Ọya, Bight of Benin ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ ìlú yìí gan-an. Nígbà tí Dahomey fẹ́ pààrọ̀ orúkọ ní 1975, ara omi yẹn ló ti mú tirẹ̀. Ìlú tó ni orúkọ wá jókòó sáàárín igbó ní tirẹ̀. Kódà Ughoton tí àwọn Potogí gbà wọlé wá sí ààfin Ọba láyé àtijọ́, etí odò ló wà. Nítorí náà, ọmọ tó bá dàgbà ní Ekosodin bíi tìrẹ, bí òkun bá ń pè é, mi ò lè bá a wí.

Ẹ ní Gámbíà ni, ní Kololi, ẹ ní all-inclusive ni, ẹ sì ti san díẹ̀ lára owó náà, ó ku ìyókù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ku àyè tí èmi lè fi sọ̀rọ̀.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ all-inclusive yìí? Ọkùnrin ará Bẹ́ljíọ̀m kan tó ń jẹ́ Gérard Blitz ni, ní 1950, ní erékùṣù Majorca ní ilẹ̀ Spéìn. Ogun Àgbáyé Kejì ò tíì parí pẹ́, àárẹ̀ mú gbogbo èèyàn ní Yúróòpù. Ó pa àgọ́ sí Alcúdia létí òkun, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá sanwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ibùsùn, oúnjẹ, eré, gbogbo rẹ̀ á ti wọ inú owó yẹn. Club Méditerranée ló pè é. Gilbert Trigano, ẹni tó ń fún un ní àgọ́, ló wá di ẹnìkejì rẹ̀ nídìí òwò náà. Nígbà tó yá, torí pé aṣọ ìwẹ̀ kò ní àpò, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń fún àlejò so mọ́ ọrùn, òun ni wọ́n ń já ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fi ra ọtí. Ẹ gbọ́ mi? Ìlẹ̀kẹ̀! Ní ìlú tí Ọba ti ń wọ iyùn láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ìjòyè pé òyìnbó kan ń já ti ọrùn rẹ̀ fi gba bíà, kí ẹ wo ojú tí wọ́n máa fi wò yín.

Jàmáíkà ló wá sọ ọ́ di ti olólùfẹ́. Ní 1981, Gordon Stewart, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Butch, ṣí Sandals sílẹ̀ ní Montego Bay. Ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ló fi sídìí òwò náà: kò fẹ́ ọmọdé, kò fẹ́ ẹni tó dá wá. Èmi opó yìí, ẹnu ọ̀nà ni wọn ì bá ti dá mi padà.

Bí ẹ bá ti gbọ́ pé gbogbo rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ òde òní á rò pé ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Onílé ìtura mọ iye tí èèyàn ń jẹ, ó mọ iye tí ọ̀mùtí ń mu, ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó pín in dọ́gba lé àlejò lórí. Ẹni tó ń mu láti àárọ̀ dalẹ́ ló jèrè. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tí o ń fi ṣíbí ka ìrẹsì, tí ọtí kò kan ẹnu rẹ rí! Bàbá Ìbejì, ìwọ tí ìgò mọ́ltì kan ń tó ọ di alẹ́! Ẹ ó kàn jókòó sábẹ́ agbòjò, ẹ ó máa bá ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí san owó bíà rẹ̀. Àbí kí ó wá máa dùn yín pé owó ti lọ, kí ẹ máa jẹ àjẹkì, kí ẹ lo ìdajì ìsinmi yín nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo mọ ẹ̀yà wa. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ti sanwó oúnjẹ, á jẹ ẹ́ títí tí ẹlẹ́dàá rẹ̀ á fi bẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tún bi wọ́n léèrè ohun tí kò sí nínú owó yẹn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Ọkọ̀ tó máa gbé yín láti pápákọ̀ òfuurufú ní Yundum dé ilé ìtura, ta ló ń san án? Ìfọwọ́ra tí ẹ rí nínú fọ́tò, tí obìnrin kan dojú bolẹ̀ tí wọ́n ń fi òróró pa á lẹ́yìn? Ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré yẹn? Ọtí tó wá láti òkè òkun? Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹnu dídùn ẹni tó ń tajà kì í ṣe rìsíìtì.

Àmọ́ kì í ṣe owó yín ló ń dùn mí jù. Géètì yẹn ló ń dùn mí.

Ẹ wo ìta yìí dáadáa, ẹ̀yin náà gbé ibí rí. Kí ló mú ìlú kékeré yìí tóbi? Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gba géètì jáde láti inú Yunifásítì wá síbí. Ó ń bọ̀ wá jẹ ìrẹsì, ó ń bọ̀ wá gẹ irun, ó ń bọ̀ wá ṣe fọ́tókọ́pì, ó ń wá yàrá tí yóò gbé. Ọmọ Edo tó nilẹ̀ ń jẹ lára rẹ̀, ọmọ Ígbò tó ń ta fóònù ń jẹ lára rẹ̀, Mọ́là tó ń ta súyà ní alẹ́ ń jẹ lára rẹ̀, èmi Yorùbá tí mo fẹ̀yìntì tí owó ìfẹ̀yìntì kò dé déédéé, lára rẹ̀ ni mo ti ń jẹ. Bàbá Ìbejì, ìwọ fúnra rẹ jẹ gbèsè mi nídìí ìrẹsì àti ẹ̀wà títí tí o fi gboyè jáde. Ṣé o rò pé mo gbàgbé? Ọmọ mi lo fi san án, mo ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. A ní kò burú, a ó fara dà á. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ẹ kò sí níbí, ẹ kò mọ bí Ekosodin ṣe rí. Ọ̀nà tí èèyàn kì í lè kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ajá ń sùn sáàárín rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe fọ́tókọ́pì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí abúlé wọn ní Ẹ̀ṣán. Obìnrin tó ń dirun ní òdìkejì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ata. Èmi, ìkòkò ńlá tí mo fi ń se ìrẹsì, mo fọ̀ ọ́, mo dà á dé, ó dà bẹ́ẹ̀ títí aláǹtakùn fi ta sí i. Kò sẹ́ni tó lé wa, kò sẹ́ni tó bá wa jà. Àwọn tó ń gba géètì jáde wá bá wa ni kò jáde mọ́.

Ó dáa, ẹ fojú inú wò ó. Ká ní Yunifásítì mọ odi yíká, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sanwó oúnjẹ, ti onígbàjámọ̀, ti fọ́tókọ́pì, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú owó ilé ìwé, kó máa gba gbogbo rẹ̀ nínú ọgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbádùn. Á máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ pé nǹkan rọrùn. Kí ni Ekosodin á máa jẹ?

Ohun tí Gámbíà bá pàdé nìyẹn. Ní nǹkan bíi 1965 ni ará Swídìn kan, Bertil Harding, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àlejò wá síbẹ̀ láti sá fún òtútù. Ọ̀nà ńlá kan tí ẹ máa gbà níbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Àlejò á sùn nínú òtẹ́ẹ̀lì, á jáde lọ́sàn-án, á ra èso lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń gbé e ká etíkun, á mu omi ọsàn lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó ń fún un nínú àtíbàbà, á jẹun ní búkà, á wọ takisí, á ra ère. Gbogbo èèyàn ń rí díẹ̀díẹ̀. All-inclusive wá wọlé. Àlejò ti sanwó oúnjẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Stockholm kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí ló tún fẹ́ jáde wá ṣe? Ẹni tó ní búkà ń wò, onítakisí ń wò, eṣinṣin nìkan ló ń bá oníṣòwò ọsàn ná ọjà.

Ariwo pọ̀ débi pé ní 1999, láyé Ààrẹ Yahya Jammeh, ìjọba Gámbíà fòfin de all-inclusive. Orílẹ̀-èdè kékeré bẹ́ẹ̀! Mo rántí pé inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Kò pé, kò jìnnà, ní 2000, wọ́n yí òfin náà padà. Àwọn onílé ìtura àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó àlejò wá láti Yúróòpù ké gbàjarè pé àlejò ń gba ibòmíràn lọ. Ẹni tó mú ọkọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ ló pàṣẹ. Ẹ tún wo oṣù Kẹsàn-án 2019, tí Thomas Cook ti Ìlú Ọba wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: jìnnìjìnnì bo Gámbíà, torí ilé iṣẹ́ yẹn ló ń kó ọ̀pọ̀ àlejò wá fún wọn. Ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun wó, ẹni tó ń fún ọsàn ní etíkun Kotu ló sùn lébi.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ojú méjì ṣá, mi ò ní í purọ́. Òtẹ́ẹ̀lì inú odi náà ń gba ọmọ ìlú síṣẹ́: ẹni tó ń sè, ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó ń gé koríko. Bí gbogbo wọn bá ti ìlẹ̀kùn, àwọn yẹn náà á jókòó sílé. Àmọ́ owó oṣù ni tiwọn, wọ́n á gbà á bóyá ẹ jẹun níbẹ̀ tàbí ẹ kò jẹ. Obìnrin tó gbé ọsàn sí ìta, bí ẹ kò bá jáde, kò ní tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò ní kí ẹ dúró nílé wa ní Nàìjíríà. Mo fẹ́ sọ ọ́. La Campagne Tropicana wà ní Ikegun ní Ibeju-Lekki tí kò jìnnà sí yín, láti 1984 ni Wanle Akinboboye ti dá a sílẹ̀, ahéré ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, oúnjẹ wa ni wọ́n ń sè, omi òkun wà níbẹ̀, adágún wà níbẹ̀, igbó wà níbẹ̀. Whispering Palms wà ní Ìwòrò lọ́nà Àgbádárìgì. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà ló ń yún yín, ẹ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Grand-Popo ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ ó gbọ́ Faransé títí. Àmọ́ mo mọ̀ yín. Bí ẹ bá wà ní Èkó, ọ̀gá rẹ á pè ọ́ ní ọjọ́ kejì pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, o ó sì lọ. Etíkun Èkó náà kò fara balẹ̀ mọ́. 2024 kọ́ ni títì tí ìjọba fẹ́ là láti Èkó dé Calabar dé orí etíkun Landmark, tí wọ́n wó ilé ìjẹun àwọn èèyàn? Torí náà, ẹ lọ sí Gámbíà yín. Ó jìnnà débi tí ọ̀gá kò ti lè rí yín. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 sì wà lẹ́yìn yín, ẹ ò nílò físà, 90 ọjọ́ ni wọ́n fún ọmọ Nàìjíríà. Káàdì yẹ́lò fífà ni kí ẹ má gbàgbé. Kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ náà ní tòótọ́ o! Ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ìdí ọkọ̀.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ jáde. Ẹ lọ sí Tanji ní ọ̀sán tí àwọn apẹja bá ń ti òkun bọ̀, kí ẹ wo bí àwọn obìnrin ṣe ń wọ omi dé àyà lọ gbé ẹja láti inú ọkọ̀ pẹ̀lú ọpọ́n lórí. Ẹ ra ẹja yíyan níbẹ̀ kí ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ẹ jẹ ìrẹsì wọn tí wọ́n ń pè ní benachin, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìjà jọ̀lọ́ọ̀fù pẹ̀lú ìran Wolof, àwọn ló ni orúkọ náà. Ní Banjul, ẹ béèrè àwọn Aku. Ìran àwọn tí ọkọ̀ ogun Ìlú Ọba gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ni wọ́n, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, tí àwọn kan nínú wọn wá tẹ̀dó sí Banjul. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Yorùbá. Ẹ lè lọ wo ọ̀nì ní Kachikally ní Bakau. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ máa ń lọ fi omi ibẹ̀ wẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, wo ọ̀nì, má fọwọ́ kan omi. Méjì tó ò ń tọ́ lọ́wọ́ tó.

Ọ̀rọ̀ omi ló kù. Bàbá Ìbejì, ta ló kọ́ ọ ní ìwẹ̀ odò? Mo béèrè ni. Ìkángun adágún tí wọ́n kọ́ sínú òtẹ́ẹ̀lì, tí kò ju àyà rẹ lọ, ibẹ̀ ni tìrẹ. Bí wọ́n bá ta àsíá pupa sí etí òkun, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni o. Ìgbì tó ń padà sẹ́yìn lágbára ju ọkùnrin tó ń ṣe jímù lọ, ó sì ń gbé ẹni tó dúró ní orúnkún omi.

Àti aṣọ ìwẹ̀ tí o fi hàn mí yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ṣé aṣọ náà nìyẹn, àbí ìyókù rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀? Ó dáa, ọkọ rẹ ló ni ojú tó fẹ́ fi wò ó. Má ṣáà gbé e sórí WhatsApp. Àlùfáà yín wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, ìyá ẹlẹ́yin síse wà níbẹ̀.

Ẹ má mú kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ má gbé gàrí lọ, mo bẹ̀ yín. Ẹ kì í ṣe ọmọ ilé ìwé mọ́. Ẹ má yá owó orí fóònù lọ́wọ́ àwọn tó ń ránṣẹ́ ìtìjú sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù yín bí ọjọ́ bá pé. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí náírà ti yọ̀ ṣòròṣòrò, ẹni tó bá fi gbèsè lọ gbafẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, lọ́nà tó ń padà bọ̀ ni ìgbafẹ́ náà á ti wọ̀ ọ́ lára. Iye tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ ná. Bí kò bá tó ọjọ́ méje, ẹ lo ọjọ́ márùn-ún.

Kí ẹ sì má ja ìjà tí ẹ ti jà nílé síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀ níbí lọ́dọ̀ mi. Ẹ bá ara yín rìn létí omi ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ kò bá ní ọ̀rọ̀ sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má fòyà, ẹ máa rìn lọ. Èmi àti ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, nígbà tí àwọn ọmọ wa kúrò nílé, oṣù kan ni a fi ń sọ̀rọ̀ iná àti omi kí a tó rántí pé ọ̀rẹ́ ni wá kí a tó di òbí.

Táyé àti Kẹ́hìndé á wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ má kọ ìwé òfin gígùn ránṣẹ́ sí mi nípa ohun tí wọ́n ń jẹ àti aago tí wọ́n ń sùn. Èmi náà ti tọ́ ọmọ rí, ọ̀kan nínú wọn ló jókòó síwájú mi yìí tó ń jẹ ẹran mẹ́ta. Ẹ gbé wọn wá ní ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n lè bá mi lọ sí ọjà Uselu ní Sátidé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san ìyókù owó yẹn, ẹ pe ilé ìtura náà lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè yí tiyín sí ibùsùn àti oúnjẹ àárọ̀ nìkan. Bí wọ́n bá gbà, ẹ ó jẹ ọ̀sán àti alẹ́ yín ní ìta, owó yín á sì dín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ya owó wọn, dalasi, díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa mú un jáde síta géètì, kí ẹ ra ọsàn lọ́wọ́ obìnrin tó gbé e síbẹ̀. Ẹ má sì ná an jù.